Aṣọ Kẹrin Inú Apẹ̀rẹ̀ Màmá

Nígbà tí wọ́n ń múra àtigbé Màmá lọ sí sàréè, ọkàn mi kò sí lọ́dọ̀ Màmá. Ọmọ ológìnní mẹ́rin wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àpò láfún nínú yàrá rẹ̀. Wọ́n pé ọjọ́ mọ́kànlélógún géérégé lọ́jọ́ náà, èrò ń wọlé, èrò ń jáde, n kò sì mọ ẹni tó máa bá mi ti ilẹ̀kùn. Bí àwọn àáfà ṣe ń ka Yásínì níta, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń ka ọmọ ológìnní nínú ilé: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mo jáde, n kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo tún padà lọ kà wọ́n.

Lọ́dọ̀ Màmá ni mo ti kọ́ ọ. Obìnrin tó ń bẹ̀rù ni ìyá bàbá mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ gbangba, nítorí gbogbo àwọn tó wá kí wa l'Áyétòrò ló ń pè é ní akíkanjú. Láfún ló ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí ẹ̀gẹ́ bá wà lórí àpáta, ó ń bẹ̀rù òjò. Bí kò bá sí ẹ̀gẹ́ lórí àpáta, ó ń bẹ̀rù ọ̀dá. Bó bá pè ọ́ lórí fóònù tí o kò gbé e, kí o tó pè é padà, Màmá ti sin ọ́ tán, ó ti ń ṣe fídáù. Àmọ́ eku ló bẹ̀rù jù, nítorí eku ló ń lu àpò láfún. Ìdí nìyẹn tó fi gba ológìnní sílé. Ológìnní sì bímọ, ni ẹ̀rù mìíràn bá dé. Bí a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó máa ń wí ni pé, “Ohun tí kò tíì lè bẹ̀rù fún ara rẹ̀, èèyàn ló gbọ́dọ̀ bá a bẹ̀rù.”

Ó ní àṣà kan tí n kò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Bí ojú àwọn ọmọ ológìnní bá ti là, Màmá á ti yan ẹni tó máa fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á sì gba aṣọ lára onítọ̀hún: gèlè, fìlà, ẹ̀wù oko, ohun tó ti wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò fọ̀. Aṣọ yìí ni ọmọ ológìnní á máa sùn lé, títí òórùn ẹni yẹn á fi di òórùn ilé fún un. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò sí ẹni tó lè gbé e lọ, ìbáà jẹ́ ọba. Lọ́jọ́ tí Màmá kú, aṣọ mẹ́rin ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Mo mọ mẹ́ta, nítorí ó ti sọ fún mi lórí fóònù: gèlè Ìyá Sèmíù tó ń ta ẹ̀wà, fìlà bàbá kan tó ń gbin àgbàdo n'Íjoun, àti síkáàfù tíṣà kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń rùn fún epo ẹ́ńjìnnì. Kò dárúkọ ẹni tó ni ín fún mi, àmọ́ n kò nílò kó dárúkọ rẹ̀. Bùọ̀dá Káṣìmù ló ni ín.

Bùọ̀dá Káṣìmù ni àbúrò bàbá mi, òun ni àbíkẹ́yìn Màmá. Ọ̀kadà ló ń tún ṣe ní Ìdí-Ìrókò. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, inú bí i lọ́jọ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ gbá ológìnní Màmá mọ́ ara ògiri, ẹran náà sì tiro títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá tọrọ ọmọ ológìnní nítorí eku tó ń gé wáyà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá sì dá a lóhùn kan náà níṣojú gbogbo wa: “Káṣìmù, ọmọ mi ni ọ́. Èmi ni mo bí ọ, mo sì mọ ẹsẹ̀ rẹ.”

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó sọ èyí ló gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Àbí kò gbà á? Àbí ó kàn ṣa àkísà lásán ni? Mo ní àkísà ni. Mo yọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, mo ká a, mo tì í sínú báàgì aṣọ mi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, Bùọ̀dá Káṣìmù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Ráfíà, kí la fẹ́ ṣe sí àwọn wọ̀nyí?”

“Mo máa tọ́ wọn dé ìgbà tí wọ́n máa lọ, sà.”

“Ìwọ tí o ń ránṣọ n'Ílaròó? Ta ló máa bá ọ ránṣọ?”

“Màá gbé máṣín-ìnnì mi wá síbí.”

Ó ní àwọn káfíńtà ń bọ̀ wá tú òrùlé, òun fẹ́ ti ilé pa. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ó dáa. Ogójì ọjọ́. Tí a bá ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́, tó bá ku ológìnní kan níbí, ọjà ni màá gbé e lọ.” Mo ṣírò rẹ̀: wọ́n á ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ díẹ̀. Ó ṣe é ṣe, bí kò bá sí ohun tó ṣe mí, tí kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n.

Bí mo ṣe di alágbàtọ́ nìyẹn. Ohun tí Màmá ń ṣe ni mo ń ṣe, nítorí n kò mọ òmíràn. Bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, mo máa ń kọ́kọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ mi lára Dúdúyẹmí, ìyá wọn, kí ọwọ́ mi lè máa rùn bí ìyá. Mo lọ ẹja gbígbẹ mọ́ ẹ̀kọ tútù, mo fi ìka tọ́ wọn lẹ́nu. Mo da eérú sínú páálí fún wọn láti ṣu sí. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo jókòó síbi tí Màmá ń jókòó, mo sì mú tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Tẹ̀sùbáà yẹn ni aago Màmá. Á tẹ́ aṣọ ẹni tó máa gba ọmọ ológìnní sórí itan, á gbé ọmọ ológìnní náà lé e, á sì máa ka tẹ̀sùbáà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ kan lórí ìlẹ̀kẹ̀, ọwọ́ kan lórí ẹran. Bó bá parí, á gbé e kalẹ̀, á gbé òmíràn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé ṣé Ọlọ́run kò níí bínú pé ó ń pín ọkàn rẹ̀ sí méjì. Ó ní, “Ta lo rò pé ó dá a?”

Kì í jẹ́ kí wọ́n gbé inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Màmá á kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, á gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ láfún, á jókòó tì wọ́n nínú ariwo yẹn títí wọ́n á fi sùn. Á ní kí àwọn ọmọ iléèwé wá gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọlọ́kadà tẹ fèrè. Àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín pé Ìyá Oníláfún tún ti gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí ọmọrí apẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Èyí tí kò bá gbọ́ ariwo lọ́dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò ti gbọ́ ọ, yóò sì sá.”

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, mo wá lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kó yìn mí. Mo kó gbogbo àwọn aṣọ dídọ̀tí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo fi búlúù sí wọn, mo sá wọn sórí okùn. Wọ́n funfun báláú. Màmá ti ọjà dé, ó rí okùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀la ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ológìnní náà máa lọ sílé bàbá kan lójú ọ̀nà Ìlaròó, kò sì sí àyè láti tún bẹ̀rẹ̀. Ó lọ, kò mọ ilé, kò mọ ẹni, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti wọ inú igbó. Ọjọ́ méje ni Màmá fi ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, tó ń fi ẹnu pè é bí ẹni ń pe adìyẹ, kó tó jáwọ́. Kò nà mí. Ó kàn ní, “Imú ni wọ́n fi ń mọ èèyàn, Ráfíà. O ti nu ojú gbogbo wọn rẹ́.”

Èèyàn a máa rò pé ẹni tó láàánú ẹran báyìí á láàánú èèyàn. Rárá o. Bí o bá wá tọrọ ológìnní lọ́wọ́ Màmá, bí ẹni ń wádìí ọkọ ìyàwó ló ń wádìí rẹ. Á dé ilé rẹ láìsọ tẹ́lẹ̀, á wo ìdí ààrò, á bi àwọn ọmọ rẹ léèrè ìgbà tí bàbá wọn bínú kẹ́yìn. Òun àti Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa, kò kí ara wọn fún odindi ìgbà òjò kan, nítorí Ìyá Bọ́sẹ̀ sọ pé ológìnní dúdú kì í gbé ilé onígbàgbọ́, ó sì da omi gbígbóná sẹ́bàá ọgbà láti lé Dúdúyẹmí. Lẹ́yìn náà ni eku wọ inú àká Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó rán Bọ́sẹ̀ wá pé kí Màmá jọ̀ọ́ yá òun ní ológìnní fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Inú mi dùn, mo rò pé Màmá á fi ẹnu gún un lára dáadáa. Màmá gba gèlè lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀, ó ní, “Sọ fún ìyá rẹ pé a kì í yá ológìnní. Bó bá ti wọlé yín, tiyín ni.”

Àmọ́ ohun tí mo fi mọ Màmá jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Ìpókíá. Ó ti fún oníṣòwò gàrí kan níbẹ̀ ní ọmọ ológìnní, ó sì ti yẹ ilé rẹ̀ wò kó tó fún un. Ní ọjọ́ ọjà Ayétòrò, oníbàárà kan tó ti Ìpókíá wá ra láfún ń fi ẹ̀rín sọ pé òun rí ológìnní Màmá, wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Màmá kò parí ìwọ̀n tó ń wọ̀n lọ́wọ́. Ó fi aṣọ bo láfún, ó ní kí n wọ bàtà. Màmá kò gun ọ̀kadà rí láyé rẹ̀. Ó ní ikú ni wọ́n fi rọ́bà wé. Ọkọ̀ kò gbé wa dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kadà ló kù. Ó gùn ún. Ó di ojú, ó di ẹ̀wù ọlọ́kadà mú, ó ń ké “Lá iláhà illá-láhù” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lu ara wọn.

Lóòótọ́, okùn wà lọ́rùn ẹran náà, irun ti re níbẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, “Màmá, bí mo bá tú u, á sá lọ ni.”

Màmá ní, “Ẹni tí o so mọ́lẹ̀ kò lè bá ọ ṣọ́lé.”

Ó kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tú kókó okùn, èmi ni mo bá a tú u. Ọkùnrin náà ga, ó ń pariwo, èrò ti ń pé jọ. Màmá gbé ológìnní sínú ìborùn rẹ̀, a jáde. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, mo bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?” Ó wò mí bíi pé mo ti ya wèrè. Ó ní, “Ó bà mí. Ṣé bí ẹ̀rù bá ti ba èèyàn, kò níí lọ mọ́ ni?”

Mo rántí gbogbo èyí ní ogójì ọjọ́ tí mo lò nínú ilé rẹ̀, kò sì mú kí ọkàn mi balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rí òwú ìránṣọ tó ń jáde lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Ọwọ́ mi ti nà láti fà á, ni mo bá rántí pé Màmá ti sọ ọ́ rí pé ohun tí a kò rí ìdí rẹ̀, a kì í fà á. Mo gé èyí tó wà níta, mo sì jókòó ti páálí eérú fún ọjọ́ méjì bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò, títí òwú náà fi bá ìgbẹ́ jáde. Alhamdulillah ni mo ké, n kò sì tijú.

Àwọn mẹ́ta tọ́, wọ́n di èèyàn. Wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, Ìyá Sèmíù wá gbé tirẹ̀, tíṣà wá gbé tirẹ̀, bàbá Ìjoun náà gbé tirẹ̀ sínú fìlà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Dúdúyẹmí, ìyá wọn, kò tilẹ̀ dúró de ìpinnu ẹnikẹ́ni. Ó fo ọgbà, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ àgbà nílé Ìyá Bọ́sẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ sì ń pariwo pé òun ò pè é o, bẹ́ẹ̀ ló ń wá ẹja fún un.

Ó ku ẹ̀kẹrin. Aláwọ̀ eérú ni, mo sì sọ ọ́ ní Máfọwọ́kànmí. Ẹ̀yìn àpò ló ń gbé. Mo ka tẹ̀sùbáà títí ohùn mi fi há, kò dúró lórí itan mi. Gbogbo ọwọ́ mi ni èékánná rẹ̀ fà ya. Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́? Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo ti yọ aṣọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, òun nìkan ni kò ní òórùn ẹnikẹ́ni láti sùn lé. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógójì, mo fa ṣẹ́ẹ̀tì náà yọ nínú báàgì, mo jù ú sẹ́yìn àpò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ká ara rẹ̀ sínú apá ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó sùn fọnfọn. Màmá kò ṣa àkísà. Ó ti pinnu, èmi ni mo sì dá ìpinnu rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́, nígbà tí àwọn àáfà ti lọ, Bùọ̀dá Káṣìmù mú kọ́kọ́rọ́ dání. Bí mo bá sọ fún un, ẹran náà lè tiro títí ayé rẹ̀. Bí n kò bá sọ, ọjà ló ń lọ, ìfẹ́ Màmá ìkẹyìn á sì bọ́ sílẹ̀ nítorí mi. Mo mú un wọlé, mo fi ṣẹ́ẹ̀tì hàn án níbi tó wà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. “Ṣẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn. Ìgbà tí mo wá wo Màmá gbẹ̀yìn ló ní kí n bọ́ ọ, pé ó dọ̀tí, òun fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́.”

“Màmá ò fọ̀ ọ́, sà.”

Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí. Ó mọ ohun tí aṣọ tí a kò fọ̀ túmọ̀ sí. Ó jókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tí a sin Màmá.”

“O sì gbé e pamọ́.”

“Ẹ̀rù ló bà mí, Bùọ̀dá.”

“Ẹsẹ̀ mi?”

“Ẹsẹ̀ yín ni, sà.”

Mo ń retí ariwo. Kò pariwo. Ó ní, “Èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀.”

Láti ọ̀sán títí di ìrun Àsárì, kò dìde níbẹ̀. Máfọwọ́kànmí yọjú, ó sá, ó tún yọjú. Bùọ̀dá kò nawọ́ sí i. Nígbà tó yá, ẹran náà jáde wá, ó gbóòórùn orúnkún Bùọ̀dá fún ìgbà pípẹ́, ó sì dùbúlẹ̀ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ì bá tó bó bá nà án. Bùọ̀dá gbé òun àti ṣẹ́ẹ̀tì náà sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n jọ lọ sí Ìdí-Ìrókò. Mo ti ilé pa, mo gbé máṣín-ìnnì mi padà sí Ìlaròó, ẹ̀rù sì bá mi wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Bùọ̀dá pè mí, ní ọ̀sán gangan. N kò mọ ohùn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́.

“Ráfíà, ó ti gba ojú fèrèsé jáde. Mo ti wá a dé ìdí tírélà. Ọkọ̀ ńlá pọ̀ lọ́nà wa níbí o! Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí? Kí ni Màmá máa ń ṣe?”

“Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, sà. Ẹ má pè é, ẹ má lé e. Màmá á jókòó ni.”

“Má gé fóònù.”

N kò gé e. Mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀, mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ pé ọ̀gá, plọ́ọ̀gì mi ńkọ́, Bùọ̀dá sì ń dá a lóhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kó dúró, kó jọ̀ọ́, kó má rìn kọjá. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Owó fóònù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó tún fọhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dẹ́rù ba nǹkan kan.

“Ó ti dé. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé.”

Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gbé orí lé máṣín-ìnnì, mo sì sunkún ìyá bàbá mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti kú.